Ọjọ́ tí òkúta tàn mí jẹ: ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ìyàrà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ti fi òkúta ṣiṣẹ́ rí, kó wá sọ tiẹ̀. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n gbẹ́ kànga epo kan gba inú òkúta ẹfun ìgbà Cretaceous (ayé àwọn dáínásọ̀ ni), wọ́n sì kó àfọ́kù òkúta tí ẹrẹ̀ gbé jáde látinú ihò wá, pé kí n wo ọjọ́ orí rẹ̀. Òkúta náà le, kò ṣeé fi omi fọ̀ kí fọ́sìlì, ìyẹn àjẹkù ẹ̀dá àtijọ́ tó wà nínú òkúta, jábọ́. Gígé la gé e, tí a ń lọ̀ ọ́ títí tó fi fẹ́lẹ́ dépò pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá (ọwọ́ mi bó!). Inú rẹ̀ ni ìkarahun àwọn ẹ̀dá tó ń léfòó nínú òkun láyé ọjọ́un wà, ọ̀pọ̀ wọn kò ju hóró iyanrìn lọ.

Bí mo ṣe ń wo àwọn àfọ́kù náà láti ti òkè kànga lọ sí ti ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta ti dàgbà jù, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá náà tó ń jẹ́ Globotruncana ni mo kọ́kọ́ rí, etí rẹ̀ ní ìlà méjì bíi fìlà tí wọ́n gán létí lẹ́ẹ̀mejì. Nísàlẹ̀ sí i, mo kan òmíràn tó ń jẹ́ Rotalipora, ìlà kan péré lòun ní. Inú mi dùn. Àfi bí mo tún ṣe bá Globotruncana láàárín àwọn Rotalipora! Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n jọ gbé ayé ni.

Ọ̀gá mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Rotalipora ti kú tán láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 94 sẹ́yìn. Globotruncana ò tíì dé ayé nígbà yẹn. Níbo ni wọ́n ti pàdé?"

Ògiri ihò ló ya lókè, tó já bọ́ sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí a bá ti kọ́kọ́ rí ẹ̀dá kan bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ la ń gbára lé, torí ibẹ̀ ló kú tán sí. Ibi tí a rí i kẹ́yìn lè jẹ́ irọ́.

Mo sọ fún ìyá mi nígbà Kérésì. Wọ́n ní, "Àbí bíi ti ààtàn ẹ̀yìnkùlé wa yìí ni? Bí o bá gbẹ́ ẹ, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni wàá kọ́kọ́ kàn, kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ wà nísàlẹ̀. Bí o bá bá ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ̀, ṣebí òkè ló ti já wá." Ohun tí èmi ò mọ̀ pẹ̀lú dìgírì!

Àbúrò Kàbà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní tèmi, bùrọ̀dá kan ló gbé òkúta Ọbajànà wá, pé òkúta ẹfun ni, kí n wá fọ́sìlì inú rẹ̀. Mo wò ó títí, ó kàn ń dán bíi ṣúgà ni. Màbù ni, ooru inú ilẹ̀ ti sè é jinná. Ká tiẹ̀ ní kò sè é, ó ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 500, bẹ́ẹ̀ ìgbà Jurassic, èyí tó ṣáájú Cretaceous, ni àwọn ẹ̀dá ìléfòó yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bùrọ̀dá ò gbà. Ó ní ẹ̀rọ mi ni kò ríran.

Ará Lọ́kọ́jà: Ẹ ní kí bùrọ̀dá yẹn wá sí òkè Agbaja lọ́dọ̀ wa níbí. Òkúta irin orí òkè yẹn, ọmọ Cretaceous ni. Kí n tó mọ̀, mo ti fi ègé kan di ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.