Ìforinwòsàn tàbí ìforintọ́jú? Ọ̀rọ̀ mi lórí “wò”, “sàn” àti “rẹ̀”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ọjọ́ mẹ́ta wá lórí orúkọ tó yẹ ká fún iṣẹ́ àwọn tó kọ́ bí a ṣe ń fi orin ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dábàá “ìforinwòsàn”. Ẹnì kan ní rárá, “sàn” ti ṣèlérí jù, ó ní ká pè é ní “ìforintọ́jú”. Ẹlòmíràn mú “ìṣègùn olórin” wá. Ẹnì kẹrin béèrè pé ibo ni ìlù wà nínú gbogbo rẹ̀.

Èmi fara mọ́ “ìforinwòsàn”, ìdí rẹ̀ sì wà nínú “wò” ju inú “sàn” lọ.

N kò ní pẹ́ lórí “ìṣègùn olórin”. Oògùn ni etí àwọn èèyàn máa gbọ́ níbẹ̀, ohun tí a ń gbé mì tàbí tí a ń fi para. Kò bá iṣẹ́ yìí mu.

Ti “sàn” gba àlàyé díẹ̀. Òótọ́ ni pé a ń kọrin fún ẹni tí ikú ti dé tòsí rẹ̀, tí a sì mọ̀ pé kò ní dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo “sàn” lójoojúmọ́: “ó sàn díẹ̀”, “ó sàn ju àná lọ”. Ọ̀rọ̀ ìfiwéra ni látilẹ̀wá. Ìrora tó dín kù fún wákàtí kan, sísàn ni. Ilé ìwòsàn náà kò ṣèlérí pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn jáde, a kò sì torí ìyẹn pa orúkọ rẹ̀ dà.

Ó wá ku “wò”, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Dókítà ń wo aláìsàn. Ìyá ń wo ọmọ. “Ta ni yóò bá mi wo ọmọ yìí kí n tó dé?” Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èdè wa kò ya ojú tó ń wo èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ọ́ sàn, ó wò ọ́ títí ara rẹ fi yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Inú àpótí onígíláàsì tó ń mú ọmọ móoru ni wọ́n gbé e sí. N kò lè gbé e mọ́ra, n kò lè fún un lọ́mú. Ihò róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà tí ọwọ́ ń gbà wọlé. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé, “Màmá, ẹ kọrin fún un. Ó mọ ohùn yín.” Orin kankan kò wá sí mi lẹ́nu. Mo pa ẹnu dé, mo sì ń kùn, ìró kan tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọmọ náà tú ìkúùkù rẹ̀ sílẹ̀. Ojú tí mo fi ń wò ó àti ìró yẹn, kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ mi tí mo lè fún un.

Nọ́ọ̀sì náà mọ ohun tó ń sọ. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà ni etí ọmọ inú oyún ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn, egungun àti ẹran ara ìyá náà fúnra rẹ̀ sì ni ohùn rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Lọ́dún 1980, olùwádìí méjì, DeCasper àti Fifer, tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Wọ́n fún wọn ní orí ọmú àtọwọ́dá. Bí ọmọ bá mu ún bákan, ohùn ìyá rẹ̀ ló máa gbọ́; bó bá mu ún lọ́nà mìíràn, ohùn obìnrin mìíràn ni. Àwọn ọmọ ọjọ́ mélòó kan yìí kọ́ bí wọ́n ṣe máa mu ún kí ohùn ìyá wọn lè wá.

Ẹni tó béèrè ìlù ló ká mi mọ́ jù, torí pé ìlù ló ṣáájú orin lóòótọ́. Kí ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ọkàn ìyá rẹ̀ ti ń lù kì-kì-kì sí i létí, inú “lù” náà ni a sì ti rí “ìlù”. Lọ́dún 2013, Joanne Loewy, aforinwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọmọ 272 tí a bí láìpé oṣù, ní ilé ìwòsàn 11. Ohun mẹ́ta ni wọ́n lò: orin tí òbí fúnra rẹ̀ yàn, ìlù onígi kékeré tó ń dún bí ọkàn, àti ohun èlò róbótó kan tó ń dún ṣùùṣùù bí inú ilé ọmọ. Nígbà tí orin tàbí ìlù náà ń lọ lọ́wọ́, ọkàn àwọn ọmọ náà ń rọra lù. Orin tí òbí yàn mú kí wọ́n jẹun sí i. Àníyàn àwọn òbí pàápàá dín kù.

Wọn kò kàn tan rédíò sílẹ̀ kí wọ́n bá tiwọn lọ o. Bí abiyamọ ṣe ń tatí wéré sí ẹkún ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ń tatí sí èémí ọmọ, tó ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, kí ohun èlò rẹ̀ lè bá a rìn. “Wò” tí mo ń wí nìyẹn. Ní ti pé “orin” fi ìlù sílẹ̀, a kì í yọ onílù kúrò nígbà tí a bá ní “ẹgbẹ́ olórin”. Mo rò pé “orin” gbà wọ́n.

Àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ náà ńkọ́? Láti ọdún 1973 ni àwọn oníṣègùn kan ti ń lo ọ̀nà kan fún irú wọn: oníṣègùn náà á jókòó kojú aláìsàn, á di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, á máa fi í gbá tábìlì bí sílébù kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, á sì kọ ọ̀rọ̀ náà lórin fún un títí yóò fi bá a gbè é. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ rí mọ ìjókòó yẹn.

Ẹ̀yin kan tún ní ẹ kò fẹ́ “orin arẹmọ”, orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, pé ó dà bí ohun tó ń mú kó rẹ ọmọ, pé ó sì jọ “Àrẹ̀mọ”. Àmì ohùn ti ya “Àrẹ̀mọ” sọ́tọ̀. Èkejì, ẹ kọ ọ́ tán: “arẹmọlẹ́kún”. “Lẹ́kún” ni kò jẹ́ kí “rẹ̀” yìí da pọ̀ mọ́ ti àárẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká ju “rẹ̀” nù, torí a ní orúkọ èèyàn kan, Rẹ̀mílẹ́kún. Òbí tó ti sunkún rí ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a ń rẹ̀ lẹ́kún náà ń rẹ òbí lẹ́kún, bí àníyàn àwọn òbí inú ìwádìí 2013 yẹn ṣe dín kù.

Ohun kan ni mi ò rí yanjú, mo sì nílò yín. Kí ni ká pe ìró tí mo ń ṣe lẹ́bàá àpótí yẹn, orin ẹnu pípadé tí kò ní ọ̀rọ̀? “Kùn” ni mo lò lókè, oyin náà ń kùn, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di “ìkùnsínú”, ìbínú àti ẹ̀dùn ọkàn ni gbogbo èèyàn máa gbọ́. “Orin àkùnrẹmọ” wá sí mi lọ́kàn, kò sì tíì dán lẹ́nu mi. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.