Ìrìn ẹsẹ̀ láti Òkè-Mẹ̀sí lọ sí bùdó ogun Kírìjì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Àwa bí ogún nínú ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa ń gbèrò láti fi òpin ọ̀sẹ̀ kan rìn láti Òkè-Mẹ̀sí, kí a gba inú igbó àti orí òkè kọjá, títí a ó fi dé apá Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn jagunjagun Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tẹ̀dó sí nígbà ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà. Àwọn tó fẹ́ lọ kò rí bákan náà. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, ìyá kan sì wà láàárín wa tí orúnkún ń dà láàmú, ṣùgbọ́n tó ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ orúkọ òun kúrò.

Èrò tèmi ni pé kí a gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí a sùn nínú àgọ́ lórí òkè, kí a sì padà ní ọjọ́ Àìkú. Mo fẹ́ mọ àsìkò tó dára jù nínú ọdún, ẹni tí ó yẹ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àti bóyá sísùn sórí òkè bọ́gbọ́n mu. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì jọ̀wọ́ sọ ohun tí a ó bá níbẹ̀ fún wa, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilé olódi tí a fi òkúta kọ́ ni a ń lọ wò.

Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí fèsì:

Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ààfin Ọwá Oòyè ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ẹsẹ̀ òkè. Kí ẹni méjì nínú yín lọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n mú lẹ́tà àti obì dání, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wá àti iye yín. Láti ààfin ni wọn yóò ti júwe olórí ọdẹ fún yín, òun ni yóò sì fún yín ní àwọn amọ̀nà. Bí ọjọ́ tí ẹ mú bá bọ́ sí àkókò ọdún tàbí orò kan, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti gbọ́.

Kò sí igbó aláìlólúwa níbẹ̀. Oko kòkó àti oko obì ni apá tó pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀yin ará Adó ń pè ní igbó yẹn, àwọn ọdẹ sì máa ń dẹ pàkúté sí etí ọ̀nà tí ojú àlejò kò lè rí. Ní irú àkókò tí a wà yìí, bí àgbẹ̀ kan bá ṣàdédé rí ogún ènìyàn tí kò mọ̀ rí tí wọ́n ń jáde láti inú oko rẹ̀ ní ìdájí, kì í ṣe "ẹ káàárọ̀" ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ìmẹ̀sí-Ilé wà báyìí, nítorí náà ẹ ní láti ránṣẹ́ sí ààfin ti ibẹ̀ bákan náà. Kí ẹ má rò pé àṣẹ tí ẹ gbà ní ọ̀dọ̀ wa ti tó.

Ní ti sísùn sórí òkè, mo rọ̀ yín kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún àwọn ọ̀dọ́ inú yín kí ó má bàa dùn wọ́n jù: kò sí ilé òkúta kankan níbẹ̀. Amọ̀ àti koríko ni wọ́n fi kọ́ bùdó ogun nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlú gan-an, nítorí pé ogun náà pẹ́ débi pé àwọn jagunjagun ní láti kọ́lé, kí wọ́n sì dá oko. Òjò ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ti rọ̀ sórí amọ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá wọnú díẹ̀ níbi kan tí ó sì gùn lọ tààrà, tàbí tí ó ga sókè bí ebè ńlá níbi tí kò sí oko, ẹ bi amọ̀nà yín bóyá yàrà tàbí odi àtijọ́ ni. Ojú tó mọ ilẹ̀ ni ó lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ń sáré kọjá kò ní rí i rárá.

Àwọn òkè fúnra wọn ni kí ẹ wò. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣe alákòóso ní ìlú náà, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ lẹ́yìn náà, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì wá di olórí ogun wọn. Ìbàdàn tẹ̀dó sí apá Igbájọ, Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá dúró lórí òkè náà yóò rí ìdí tí ogun ọ̀hún fi falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ kọlu èkejì yóò tún ní láti gun òkè lábẹ́ ìbọn, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó sì ti ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885, síbẹ̀ wọn kò tú ká. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ó sì di 1893 kí ọ̀rọ̀ náà tó parí pátápátá.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọn pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, ó kéré tán ní apá kan ọ̀nà náà, nítorí pé inú ọkọ̀ kò lè fi èyí hàn yín. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo yín kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n má sì kó àpáàdì tàbí irin tí wọ́n bá rí sínú àpò. Òfin wà lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní orílẹ̀-èdè yìí. Yàtọ̀ sí òfin, ohun tí a bá ti gbé kúrò níbi tí ó wà kò tún lè sọ ìtàn kankan fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Ìjerò fèsì:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún bàbá olùkọ́ ìtàn, èmi kò fara mọ́ ìrìn ẹsẹ̀ náà rárá. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ ajínigbé ṣe rí nínú igbó ilẹ̀ wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀nà ọkọ̀ wà, ẹ gbà á. Bí ẹ bá sì kọ̀ tí ẹ fẹ́ rìn dandan, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn létí, kí ẹ má kọ ọjọ́ àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà sí ojú òpó Facebook, kí àwòrán tí ẹ bá yà sì dúró nínú fóònù títí ẹ ó fi padà délé. Kí ẹ ti kúrò nínú igbó kí aago méjì ọ̀sán tó lù.

Nọ́ọ̀sì kan fèsì:

Màmá tí orúnkún ń dùn ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gígun òkè ni ó ń pa orúnkún, ṣùgbọ́n sísọ̀ kalẹ̀ gan-an ni ìṣòro, nítorí pé orúnkún ni ó ń gba gbogbo ìwúwo ara ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òkúta tó wà ní òkè Ẹ̀fọ̀n sí Òkè-Mẹ̀sí le, etí rẹ̀ mú, ewé kòkó gbígbẹ tó bò ó mọ́lẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí ẹni da epo sí i. Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n fi ọkọ̀ lọ pàdé yín. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò rìn díẹ̀, kí ó jẹ́ ibi tó tẹ́jú, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Kí olúkúlùkù gbé omi tó tó lítà mẹ́ta, kí wọ́n sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní àná. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Kí onítọ̀hún dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà má mira, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti pe ilé ìwòsàn láti mọ èyí tó ní in lọ́wọ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní in.

Ìyàwó ará Ìbàdàn fèsì:

Ẹ jọ̀wọ́, èmi ọmọ Àrámọkọ tí mo fẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ṣé ọkọ mi lè bá wa lọ, àbí ẹ ó fi í ṣe ẹrú?

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì fèsì:

Kí ó máa bọ̀, ìyàwó wa. Òun ni yóò ru omi.

Olùkọ́ tó béèrè fèsì:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá alága sọ̀rọ̀, a sì ti yọwọ́ nínú sísùn sórí òkè. Bí a ṣe rò ó báyìí ni pé kí a sùn sí Òkè-Mẹ̀sí ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn tí ara wọn le bá àwọn ọdẹ gun òkè ní òwúrọ̀ Sátidé, kí Màmá àti àwọn àgbà yòókù sì fi bọ́ọ̀sì lọ dúró dè wá ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ̀gbọ́n wa ti Ìjerò, mo gbọ́ ìkìlọ̀ yín, ṣùgbọ́n n kò ní fagi lé ìrìn náà. Bí ààfin tàbí àwọn ọdẹ bá sọ pé ọ̀nà kò dára ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo wa yóò wọ bọ́ọ̀sì láìjiyàn. Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Oṣù Kìíní ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa dilẹ̀.

Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí fèsì:

Ẹ má mú oṣù Kìíní. Ọyẹ́ yóò ti bo gbogbo òkè, ẹ kò ní rí àfonífojì tí bàbá olùkọ́ ìtàn ní kí ẹ lọ wò. Èyí tó tún burú jù ni pé àkókò igbó sísun ni, iná a sì máa sáré gun òkè ju bí ó ṣe ń sáré ní ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ, ènìyàn kò lè sá fún un. Àsìkò òjò náà kò dára, nítorí ọ̀nà yóò máa yọ̀, odò kéékèèké yóò sì kún. Ìparí oṣù Kọkànlá ni kí ẹ mú, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí omi ṣì wà nínú odò, tí ojú ọ̀run sì mọ́. Koríko yóò ga, ìyẹn ni àwọn ọdẹ yóò ṣe máa ṣáájú yín pẹ̀lú àdá.

Láti Adó, ẹ gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ dé Ìtàwúrẹ́, kí ẹ tó yà sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ Àìkú, dípò kí ẹ tún máa gun òkè padà, ẹ yà sí Ìkọ́gòsì, kí Màmá ki orúnkún wọn bọ omi gbígbóná. Bí ẹ bá sì fi iye yín ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, n ó bá yín sọ fún àwọn tí yóò gún iyán ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.