Ẹ Wá Sọ Tiyín: Kí Lojú Yín Rí ní Oberliga Südwest?

Ọmọ Òkè-Àdó ní Saarbrücken

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bundesliga, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Jámánì, òun náà la máa ń sọ ṣáá. Lónìí, mo fẹ́ ká sọ ti Oberliga Südwest, líìgì ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwa tá à ń gbé ní Saarland àti Rheinland-Pfalz. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ pápá wọn rí, ì báà wòran, ì báà gbá bọ́ọ̀lù, kó wá sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni. Mo ti lo ọdún mẹ́ta gbáko níbí kí n tó mọ̀ pé Neunkirchen tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé mi kọjá lójoojúmọ́ ni Jay-Jay Okocha ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ní Jámánì. Ojú tì mí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo sọ̀ kalẹ̀ níbùdókọ̀, mo ń bi èèyàn léèrè títí mo fi dé Ellenfeld, pápá ẹgbẹ́ Borussia Neunkirchen.

Mo rò pé pápá kékeré bíi ti iléèwé girama ni màá bá. Háà! Pápá tí wọ́n ti ń lò láti 1912 ni. Àtẹ̀gùn kọ̀ǹkéré tí òǹwòran ń dúró lé ga fíofío, koríko ti ń hù láàárín rẹ̀, àwa tá a sì wá wòran lọ́jọ́ náà ò tó èrò ìsọmọlórúkọ kan. Bàbá arúgbó kan fara ti irin, sọ́sééjì lọ́wọ́ kan, bíà lọ́wọ́ kejì. Ó wò mí, ó ní "Unn?" (Bí wọ́n ṣe ń kíni níbí nìyẹn. Ẹni tó kọ́ èdè Jámánì ní kíláàsì á rò pé bàbá ò tíì parí gbólóhùn rẹ̀ ni.) Kí n tó dáhùn, ó ti bi mí bóyá Nàìjíríà ni mo ti wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nawọ́ sí àárín pápá, ó ní, "Okocha."

Ó ní ní 1990, Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ni, tí ọmọ Enugu yìí wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Binebi Numa, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Borussia Neunkirchen. Ó tẹ̀ lé e lọ sí ìgbáradì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tọrọ àyè pé kí òun náà bá wọn ta á. Kóòṣì rí ohun tó fi ẹsẹ̀ ṣe, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì fún un níwèé àdéhùn. Ẹnu ìgbáradì kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ń gbà wọlé o! Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí Saarbrücken, nígbà tó di 1992 ó ti wà ní Frankfurt, ẹ̀yin náà sì mọ gólì tó fi fi ojú Oliver Kahn, aṣọ́lé Karlsruhe, rí nǹkan ní 1993.

Mo wá bi bàbá pé ṣé líìgì tí Okocha gbá náà la ń wò yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní líìgì yẹn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́lé lé e lórí. Ní 1978, wọ́n kó líìgì kéékèèké mẹ́ta, ti Südwest, ti Rheinland àti ti Saarland, pọ̀ di Oberliga Südwest, ìpele kẹta ló sì wà. Ní 1994 wọ́n gbé Regionalliga lé e lórí, ó di ìpele kẹrin. Ní 2008 wọ́n tún dá 3. Liga sílẹ̀ lókè, ó di ìkarùn-ún. Ní 2012 wọ́n wá pa orúkọ rẹ̀ dà sí Oberliga Rheinland-Pfalz/Saar. Ẹ wò ó bí ẹni tó gba yàrá òkè pátápátá, tí onílé ń fi àjà kún àjà, títí tí wọ́n fi ń pè é ní ará ìsàlẹ̀. Kò sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbì kan.

Ó dun bàbá yẹn gan-an, nítorí Oberliga Südwest kan ti wà látijọ́, láti 1945 títí Bundesliga fi dé ní 1963, tí kò sí líìgì kankan lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni Kaiserslautern ti Fritz Walter, balógun Jámánì tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1954, ti ń gbá. Neunkirchen tiẹ̀ dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Jámánì ní 1959, ní 1964 ó sì gba àyè Bundesliga mọ́ Bayern München lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Bayern! Iṣẹ́ irin ló ń bọ́ ìlú náà nígbà yẹn. Iná ìléru wọn kú ní 1982.

Ìyá Ìbejì, Homburg

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò sọ pé ilẹ̀ Saar yìí ti dá dúró rí. Lẹ́yìn ogun, abẹ́ Faransé ló wà, ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ nínú FIFA, Helmut Schön ló sì jẹ́ kóòṣì wọn nígbà tí wọ́n bá Jámánì fúnra rẹ̀ figa gbága láti dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé 1954. Jámánì lù wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Tèmi ò gùn. Ọkùnrin tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ fi jẹ́sì FC Homburg àtijọ́ kan hàn mí, àmì dúdú gbọọrọ ló wà láyà rẹ̀. Mo bi í ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè sọ̀rọ̀. Kọ́ńdọ̀mù ni wọ́n ń polówó! Àjọ bọ́ọ̀lù ní ìwà ìbàjẹ́ ni, kí wọ́n bò ó. Wọ́n bò ó, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ilé ẹjọ́ sì dá Homburg láre. Sáà 1987 sí 1988 ni. Homburg yìí náà ni Miroslav Klose, agbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n Jámánì tó ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, gbà kọjá ní 1998.

Ará Ìkòròdú, Pfalz

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ìtàn Okocha yẹn ló gbé mi débí, òun náà ló sì jẹ mí níyà.

Ní 2015, ejẹ́ǹtì kan l'Ékòó ló fi ìtàn náà fa ojú mi mọ́ra. "Bí Jay-Jay ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣáà ti dé ẹnu ìgbáradì." Mọ́mì mi ta gbogbo ọjà ṣọ́ọ̀bù. Físà àbẹ̀wò ni mo fi wọlé. Ẹgbẹ́ Oberliga kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbà mí láyè kí n bá wọn dánra wò. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìgbáradì, torí oníṣẹ́ ni gbogbo wọn: ọ̀kan ń ṣe iná mànàmáná, ọ̀kan ń wa bọ́ọ̀sì. Aṣọ́lé wa máa ń dé pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́.

Mo gbá ayò méjì wọlé nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Kóòṣì gbá mi mọ́ra. Inú mi dùn, mo fi fóònù pe ilé.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà fi mí jókòó, ó ṣí ìwé òfin. Ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù tó bá fẹ́ ìwé ìgbélùú torí bọ́ọ̀lù, owó oṣù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdajì iye owó oṣù tó ga jù tí ìjọba ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lórí rẹ̀. Lọ́dún yẹn, ó lé díẹ̀ ní 3,000 euro lóṣù. Owó epo mọ́tò àti ẹ̀bùn bíntín ni wọ́n ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Akọ̀wé náà ń tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló ṣòfin. Ejẹ́ǹtì ò gbé fóònù mọ́ títí dòní.

Mo padà sílé. Ìwé ni mo fi padà wá ní 2018, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kreisliga, líìgì kéékèèké ti àdúgbò, ni mò ń gbá, Sọ́ńdè-Sọ́ńdè. Orúnkún mi ò gbọ́ràn mọ́.

Ọmọ Òkè-Àdó ní Saarbrücken

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ máa gbá ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀? Aago mélòó?

Ará Ìkòròdú, Pfalz

Aago mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé aṣọ òtútù dání o, kò sí ìjókòó níbẹ̀.