Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lójú títì: Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Badagry

Ọmọ Sábó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá ni kọndọ́ kan so èmi àti ìyá àgbà kan pọ̀ torí ṣénjì, ó na owó kan ṣoṣo sí wa pé ká lọ pín in, bẹ́ẹ̀ èmi ń lọ Sábó, ìyá ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Ògólóńtò. Mo bá bá wọn bọ́ọ́lẹ̀, a ń wá ẹni tó máa bá wa ṣẹ́ owó kiri. Ibẹ̀ ni ìyá yẹn ti ń sọ fún mi pé bọ́lẹ̀kájà, lọ́rí onípákó ayé àtijọ́, làwọn ń wọ̀ lójú títì yìí nígbà táwọn wà lọ́mọge. Ọ̀rọ̀ bàámi wá sọ sí mi lọ́kàn, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, kẹ́yin náà sọ tiyín.

Dẹ́rẹ́bà lọ́rí ni bàámi. Láyé ìgbà yẹn expressway Èkó sí Ìbàdàn ò tíì sí o, 1978 ni wọ́n tó ṣí i. Ìkòròdú níbí ni mọ́tò ń gbà, wọ́n á ti Èkó wá sí Ìkòròdú, Ìkòròdú sí Ṣàgámù, kí wọ́n tó forí lé Ìbàdàn. Gbogbo ẹni tó ń lọ sókè, iwájú ilé wa ló máa gbà kọjá. Ìyá bàámi ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́bàá títì, wọ́n ní tó bá ti di agogo méje àárọ̀ igbá ti ṣófo. Ọdún tí expressway dé, ọjà màámá àgbà kú ni, kò sẹ́ni tó lé wọn o, mọ́tò ni ò gba ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ, 1972 ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é nílé wọn. Àwọn tó yí wa ká, Dahomey (ìyẹn Benin òní), Niger, Cameroon, apá ọ̀tún ni tiwọn. Ìjọba Gowon wá ní ká yí i padà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ ọdún Àjíǹde gan-an. Bàámi ní àwọn ò sùn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, ńṣe làwọn ń fọwọ́ yí síyárìn lórí ibùsùn, màámi rò pé nǹkan ti kọlù wọ́n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé títì ni ìjọba yí, wọn ò yí lọ́rí. Síyárìn lọ́rí bàámi ṣì wà lápá ọ̀tún. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀ máa ń wà lápá àárín títì, á rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú dáadáa. Nígbà tí wọ́n yí i tán, bàámi wá jókòó sẹ́bàá gọ́tà, koríko ń na ọwọ́ wọn ní fèrèsé, tí wọ́n bá fẹ́ ya ọkọ̀ tó wà níwájú sílẹ̀ wọn ò rí ohunkóhun àfi ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wá di ojú. Òun ló máa so rọ̀ lápá òsì, á yọrí síta, á pariwo "Ó ń bọ̀ o!" tàbí "Máa lọ, máa lọ!" Bàámi ní nígbà yẹn, ẹ̀mí èèyàn bí ogójì wà lọ́nà ọ̀fun ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ògìjo, lọ́rí kan tó kó igi gẹdú ń rá pálá níwájú wọn. Bàámi pe ọmọ yẹn, "Ṣé kí n lọ?" Kò dáhùn. Wọ́n tún pè é, ó ní "Mmm." Bàámi bá yọ síta. Àṣé gúgúrú ló kún ẹnu ọmọ! "Mmm" tó ń ṣe yẹn, "rárá" ló fẹ́ sọ. Lọ́rí Bedford kan ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, iná ló fi ń kọ mànà. Bàámi kàn rí i pé àwọn ti já wọ inú oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lódìkejì, lọ́rí dúró, kò dojú dé, ẹnikẹ́ni ò fara pa, adìyẹ kan ṣoṣo ló kú nínú àgò. Ìyá olóko jáde wá, kò tiẹ̀ bi wọ́n pé ṣé wọ́n wà láàyè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ tó wú. Èrò ọkọ̀ dáwó jọ wọ́n san án, àwọn obìnrin ibẹ̀ wá ní táwọn bá ti sanwó ẹ̀gẹ́, àwọn ló ni ín nìyẹn, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú lọ́rí, wọ́n gbé e dé Ṣàgámù. Láti ọjọ́ yẹn bàámi ò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kankan jẹun tí mọ́tò bá ti ń rìn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Hahaha, gúgúrú! Ọlọ́run ṣeun tó yọ bàbá.

Tèmi ò tó yẹn. Ẹja ni mò ń tà, Ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ń rà á, mo sì ń gbé e wá sí Ìkòròdú gba Ìtòìkín. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ o, omi làwa ará Ẹ̀pẹ́ ń gbà ká tó mọ títì, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò lọ Ẹ̀jìrìn àti Èkó, kódà lọ́dún 1892 tí àwọn òyìnbó wá bá Ìjẹ̀bú jà torí ọ̀nà òwò tí àwọn Ìjẹ̀bú dí, omi ni wọ́n gbà wá, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó ń dùn mí pé a fi omi sílẹ̀ tán pátápátá, torí omi kì í ní kòtò.

Ọdún kan lóṣù kẹwàá, mo kó kúlà ẹja mẹ́ta, mọ́tò wa kú sí Ìtòìkín, dẹ́rẹ́bà ní òun ń lọ mú mẹkáníìkì, a ò rí i mọ́. Oòrùn mú, mo ṣí kúlà wò, yìnyín ti di omi, ojú ẹja ti ń funfun. Ẹni tó bá ń ta ẹja á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo bá gbé ọ̀kan sórí, mo dúró lẹ́bàá títì, mo ń kígbe ẹja tútù bí ọmọ kékeré, èmi tí mò ń tà fún àwọn alátàpadà nìkan. Àwọn tó ń ta ọ̀pẹ òyìnbó níbẹ̀ ló gbà mí, ọ̀kan fún mi ní igi ìdáná àti irin tí wọ́n fi ń yan ẹja, a yan èyí tó kù di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ni oníbàárà mi di òní. Dẹ́rẹ́bà yẹn náà ńkọ́, mo ṣì ń wá a.

Ará Badagry:
Ẹ fi ti ẹ̀gẹ́ àti ẹja sílẹ̀, ẹ wá wo tiwa. Láti bọ́dà Ṣẹ̀mẹ̀ sí Agbárá, ìdènà ò lóǹkà, mo gbìyànjú àtikà á lọ́jọ́ kan, mo dé mẹ́tàdínlógún mo sùn lọ. Ẹrù ọwọ́ mi ọjọ́ yẹn, aṣọ òkè màámi méjì àti gàrí. Ẹni àkọ́kọ́ tú u, ó bèèrè pé ṣé ìrẹsì ni. Ẹni kejì tú u, gàrí dà sára aṣọ òkè. Ẹni kẹta tọ́ gàrí wò, ó ní ó kan dáadáa. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa lọ́dún 2019 ló tún wá burú jù, títí wọ́n fi ṣí i lóṣù kejìlá 2020.

Ní ti títì fúnra ẹ̀, 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ọ̀nà mẹ́wàá pẹ̀lú rélùwéè láàárín. Rélùwéè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹsàn-án 2023, láti Marina dé Máìlì 2. Máìlì 2 o, kò dé Badagry! Mo wọ̀ ọ́, ó dára, a dé kíá, èmi bọ́ọ́lẹ̀ tán mo tún lo wákàtí mẹ́ta kí n tó délé.

Ìyàwó Tíṣà:
@Ọmọ Sábó ẹ jọ̀ọ́, bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà?

Ọmọ Sábó:
Wọ́n wà o, a dúpẹ́. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin, wọn ò wakọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ sọdá títì, ọ̀tún ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, wọ́n á tẹjú mọ́ ibẹ̀ bíi pé nǹkan ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ òsì ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń gbà já bọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló máa ń di ọwọ́ wọn mú. "Bàbá àgbà, òsì ni, òsì ni." Wọ́n á ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀." Ọ̀tún ni wọ́n ṣì ń wò.