“Eré àìmí” kọ́ ni eré 100 mítà: lórí okun àti agbára

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe eré ìje kúkúrú ní “eré àìmí”, kí “agbára” sì jẹ́ orúkọ ohun tí iṣan ń ná lórí eré náà. N kò lè fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nígbà tí Usain Bolt fi ìṣẹ́jú àáyá 9.58 sá 100 mítà ní Berlin lọ́dún 2009, ìbáà mí, ìbá má mí, ọ́síjìn kọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbára lé jù. ATP (èròjà tí iṣan ń ná ní tààràtà láti ṣiṣẹ́) tó wà nílẹ̀ nínú iṣan kò ju ohun tí a ó ná tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Phosphocreatine, èròjà mìíràn tó wà nínú iṣan, ló ń tètè dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni súgà tó wà nípamọ́ nínú iṣan kan náà ń fọ́ láìdúró de ọ́síjìn. Ẹ̀yìn eré gan-an ni eléré ìje ń mí gúlegúle, tó sì ń fi ọ́síjìn dí àlàfo tó ti ṣí sílẹ̀.

Ní ti “agbára”, ọ̀rọ̀ náà gbòòrò jù. Àwọn baba wa ní okun inú ni a fi ń gbé ti ìta, oúnjẹ ló sì ń di okun. Nítorí náà, “okun” ni kí ó dúró fún ohun tí a kó pamọ́ tí a sì ń ná, kí “agbára” wá jẹ́ ìwọ̀n okun tí a lè ná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láìsí ìyàtọ̀ yìí, báwo ni a ó ṣe ṣàlàyé pé ẹni tó sá máratọ́ọ̀nù ná okun tó ju ti Bolt lọ fíìfíì, síbẹ̀ tí agbára Bolt ju tirẹ̀ lọ?

“Àìmí” kò tilẹ̀ bá eré 400 mítà mu rárá. Falilat Ogunkoya, eléré ìje ọmọ Nàìjíríà, fi ìṣẹ́jú àáyá 49.10 gba àmì ẹ̀yẹ bàbà ní ìdíje Olympics ti Atlanta lọ́dún 1996; nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ìpín tí ọ́síjìn ń kó kì í ṣe kékeré. Mo dábàá “okun ojú-ẹsẹ̀” fún ti ATP àti phosphocreatine. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ gbọ́ ọ bí ẹsẹ̀ tí a fi ń sáré, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe lactate, èròjà tó ń jáde nígbà tí súgà bá fọ́ láìdúró de ọ́síjìn, ní “oró iṣan”, nítorí pé ọkàn àti iṣan fúnra wọn ń sun ún láti rí okun.