Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: irinṣẹ́ bíláàsì olómi wo ló yẹ wẹ́dà bíi tèmi?

Wẹ́dà Ṣàgámù:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ìyá wa náà ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí títì ní Ṣàgámù, iṣẹ́ tírélà àti típà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, a ń tún ṣaasí ṣe, a ń lẹ bọ́dì, a tún ń ṣe géètì àti búgúlà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìpẹtà àti ọ̀dà àtijọ́ ló ń dà wá láàmú. Fáílìn máṣíìnì àti wáyà brọ́ọ̀ṣì la fi ń họ ọ́, ó máa ń pẹ́, kì í sì í wọ kọ̀rọ̀ dáadáa, oníbàárà á kun ọ̀dà tán, kò ní pẹ́ tí ìpẹtà á tún fi yọ lójú wẹ́dìn. Mo wá gba àwọn kan tó ń ṣe sandblasting gbígbẹ, ìyẹn bíláàsì tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn lu irin kó lè mọ́, pé kí wọ́n wá bá mi bíláàsì ṣaasí kan, irin yẹn mọ́ lóòótọ́, àmọ́ eruku tó bo àdúgbò lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe kékeré, ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò rí ọjà tà, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá wọ́n ń wúkọ́, inú mi ò dùn sí i rárá.

Wọ́n ní èyí tó ń lo omi wà. Ohun tí mo ní nílẹ̀ rèé: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí a fi ń fín ọ̀dà, 3 horsepower, táńkì rẹ̀ 200 lítà, ẹ̀rọ ìfọmọ́tò oníbẹntiróòlù 6.5 horsepower, àti bọhóòlù. Ṣé kí n ra orí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ ìfọmọ́tò ni àbí kí n tọ́jú owó ra pọ́ọ̀tù gidi, ìkòkò irin tí wọ́n ń kó iyanrìn sí tí afẹ́fẹ́ á fi tì í jáde? Àbí kí n fúnra mi lẹ pọ́ọ̀tù yẹn, mo ní sìlíńdà gáàsì àtijọ́ nílẹ̀. Ṣáápù sáǹdì ńkọ́, ṣé á ṣe é? Torí ó pọ̀ níbí, kò wọ́n.

Ọ̀gá Car Wash Ìjẹ̀bú:
Bọ̀ọ̀dá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní ẹ̀rọ ìfọmọ́tò nílẹ̀, orí rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ ó yọ ẹnu tẹ́lẹ̀ kúrò, ẹ ó so orí yìí mọ́ ọn, róbà kan á ti ara rẹ̀ wọnú garawa iyanrìn, bí omi bá ṣe ń sáré kọjá nínú orí yẹn ló máa fi fa iyanrìn wọlé, àwọn méjèèjì á jọ jáde lẹ́nu nọ́sù. Kò nílò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rárá. Mo fi ń ṣe ríìmù àti géètì, eruku ò sí.

Ohun tó máa ń bí èèyàn nínú níbẹ̀ ni pé iyanrìn tó wà nínú garawa GBỌ́DỌ̀ gbẹ, kó gbẹ táútáú, kí ẹ sì jọ̀ ọ́, tó bá ti tutù díẹ̀ báyìí róbà ti dí nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ dúró ẹ kọ́kọ́ fa róbà yẹn jáde kúrò nínú iyanrìn, ẹ jẹ́ kí omi nìkan fọ inú rẹ̀ kí ẹ tó jọ̀wọ́ gọ́ọ̀nù, tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ omi á padà sẹ́yìn á lọ rin iyanrìn. Ẹ wo ara ẹ̀rọ yín bóyá agbára tó fi ń ti omi ń tó 150 bar, kí omi rẹ̀ sì tó lítà 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti iná kékeré tí wọ́n ń lò nínú ilé yẹn ò lè fa nǹkan kan.

Táńkì Blaster PH:
Ọ̀gá car wash ò parọ́, àmọ́ géètì àti ríìmù ló sọ, ṣaasí tírélà kọ́. Irin tó nípọn, tí ìpẹtà ti pá pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lé ara wọn, tí ẹ bá gbé orí ẹ̀rọ ìfọmọ́tò lọ bá a ẹ ó wà níbẹ̀ títí alẹ́ á fi lẹ́ ni. Iṣẹ́ táńkì epo ni mo ń ṣe ní Port Harcourt, bíláàsì olómi ni wọ́n sì máa ń fẹ́ níbẹ̀ torí ó ń dín iná tó ń ṣẹ́ lára irin kù, ẹ ṣáà kíyè sí i pé mo ní ó ń dín in kù o, mi ò ní kò sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ti ìfọmọ́tò ni ọ̀kan. Ìkejì ni pọ́ọ̀tù gbígbẹ tí wọ́n wá so òrùka omi mọ́ lẹ́nu nọ́sù, iyanrìn gbígbẹ ló ń bọ̀ nínú róbà, ẹnu ọ̀nà ló ti ń pàdé omi. Kò wọ́n, àmọ́ omi tó ń jẹ pọ̀, eruku tó sì ń pa kò tó ti ìkẹta. Ìkẹta ni pọ́ọ̀tù olómi gangan, omi àti garnet (hóró òkúta líle kan tí wọ́n ń lò dípò iyanrìn) ti jọ wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dé e pa, ẹ̀rọ kékeré kan á máa ti omi wọlé, ìdàpọ̀ yẹn á gba fáàbù bọ́ sínú róbà, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á wá gbé e lọ. Gbogbo hóró ti wọ aṣọ omi kó tó kan irin, ibi tó bá ti lu ló ń já sí. Omi tó ń jẹ kéré, ẹ tún lè yí géèjì rẹ̀ wálẹ̀ débi tó lè ṣí ọ̀dà kan kúrò lórí ọ̀dà kejì.

Afẹ́fẹ́ ni wàhálà. Nọ́sù tí ihò rẹ̀ jẹ́ ¼ ínṣì máa ń jẹ nǹkan bíi 80 CFM (ìyẹn iye kúbíìkì fíìtì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan) tí géèjì bá wà ní 100 PSI (ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì), èyí tó jẹ́ ⅜ ínṣì ń jẹ nǹkan bíi 200. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 3 horsepower yẹn, tó bá gbìyànjú, bíi 10 ni. Kí ẹ má wo táńkì 200 lítà, táńkì kì í ṣe afẹ́fẹ́, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ á fi tán tí ẹ ó máa wo géèjì kó tún gòkè. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ oní-dísẹ̀lì tí wọ́n ń fi mọ́tò wọ́, èyí tó ń jẹ́ 185 yẹn torí 185 CFM ló ń gbé jáde, òun ni ẹ ó wá, kí ẹ sì lo nọ́sù ¼ tàbí 5/16 pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́sù náà ń jẹ o, tí ihò ¼ bá ti fẹ̀ di 5/16, afẹ́fẹ́ tó ń bèèrè ti fi ju ìdajì lọ sí ti tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn á máa sọ pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti rẹ̀, nọ́sù ló ti ṣí.

Àbúrò, má rà á ní kíákíá. Háyà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yẹn tí ṣaasí bá ti pọ̀ tó méjì mẹ́ta.

Ọmọ Wẹ́dà Mushin:
Kí ló dé tí ẹ ń kó owó fún òyìnbó, sìlíńdà gáàsì ni a fi ń ṣe pọ́ọ̀tù tiwa, a gé orí rẹ̀, a lẹ fọ́nẹ́ẹ̀lì sí i, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣáápù sáǹdì náà la ń lò, ẹ ṣáà ti da omi sí i, ó ti parí.

Táńkì Blaster PH:
@Ọmọ Wẹ́dà Mushin àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. 100 PSI ń bẹ nínú nǹkan yẹn, ojú ibi tí o gé tí o tún lẹ padà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Afẹ́fẹ́ tí wọ́n tì pa mọ́nú irin kì í jò pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí omi, tí ibi kan bá ṣí gbogbo rẹ̀ ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà, irin á sì máa fò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi ni wọ́n ń kún pọ́ọ̀tù tí wọ́n bá fẹ́ dán an wò, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ kọjá ìwọ̀n tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́, torí tó bá máa bẹ́, kó bẹ́ pẹ̀lú omi. Pọ́ọ̀tù tí kò ní ìwé ìdánwò, tí kò ní fáàbù tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde fúnra rẹ̀ tó bá ti pọ̀ jù, èmi ò ní dúró ti ẹni tó ń lò ó. Wẹ́dà Ṣàgámù, ìwọ náà gbé sìlíńdà yẹn sílẹ̀.

Kí ọwọ́ ìmú nọ́sù sì jẹ́ èyí tó jẹ́ pé tí èèyàn bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí ó kú, kí ẹ fi wáyà de ojú ibi tí róbà ti so pọ̀. Róbà tó já lẹ́nu kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè pa èèyàn.

Sister Safety:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ṣáápù sáǹdì yìí torí ó ń dùn mí gan-an, mo ti rí àwọn géńdé tó ṣe iṣẹ́ yìí tí wọn ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láìdúró mí. Iyanrìn odò wa, quartz, òkúta líle tó jẹ́ silica, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá lu irin ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, èyí tó kéré jù nínú wẹ́wẹ́ yẹn, tí ojú ò lè rí, òun ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Orúkọ àìsàn yẹn ni silicosis, kò sì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Láti 1949 ni Britain ti fòfin de lílo iyanrìn fún bíláàsì irin, ní 1974 àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má lò ó mọ́ fún bíláàsì kankan, Turkey fòfin dè é ní 2009 torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi iyanrìn ṣá jíìnsì ló ń kú.

Omi ń dín eruku kù, kò pa á tán. Èyí tó kéré jù ṣì ń bá ìkùukùu omi yẹn rìn. Ẹrẹ̀ tó sì dà sílẹ̀, tó bá di ọ̀la tí oòrùn pa á, ó ti padà di eruku nìyẹn, ìyá olóúnjẹ yẹn ló máa gbá a. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé stone dust láti ibi tí wọ́n ń fọ́ òkúta l'Ábẹ́òkúta sàn o, granite ni, quartz wà nínú òun náà dáadáa. Ẹ ra garnet, tàbí ìgò tí wọ́n lọ̀, tàbí copper slag (ìdàrọ́ bàbà). Ẹni tó di nọ́sù mú ṣì gbọ́dọ̀ wọ ìbòmú gidi tó ní fílítà, èyí tí wọ́n ń tà ní tíráfíìkì yẹn kọ́.

Wẹ́dà Ṣàgámù:
Sister ẹ ṣé gan-an mà. Mi ò mọ ti stone dust yẹn rárá, òun gan-an ló wà lọ́kàn mi gẹ́gẹ́ bí ìkejì. Ẹ̀gbọ́n PH, mo ti gbọ́ ti sìlíńdà sà. Garnet yẹn, ṣé a lè kó o padà lò?

Táńkì Blaster PH:
Ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ẹ sì jọ̀ ọ́, pàápàá nínú pọ́ọ̀tù olómi, torí kò di dandan kó gbẹ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀dà àtijọ́ ni ẹ fi ṣí, ẹ má kó o padà. Mesh 80 ni kí ẹ bèèrè, ìyẹn ìwọ̀n títóbi hóró rẹ̀. Ẹ má ra steel grit, hóró irin, fún iṣẹ́ omi, inú pọ́ọ̀tù ló máa ti dípẹtà.

Pẹ́ńtà Agbára:
Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí irin bá mọ́. Irin tó wà ní ìhòòhò, ẹ da omi lé e, ní Nàìjíríà yìí! Kí ẹ tó jẹun tán ó ti pọ́n. Ìdí nìyí tí èmi fi máa ń fẹ́ gbígbẹ.

Táńkì Blaster PH:
Pẹ́ńtà, òótọ́ ni, flash rust nìyẹn, àmọ́ ó ṣeé kápá. Ẹ ó fi omi tó mọ́ ṣan irin náà, ẹ ó fi afẹ́fẹ́ gbígbẹ fẹ́ ẹ títí kọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 3 horsepower rẹ ti wúlò. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó pọ́n, àmọ́ kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀dà yẹn bóyá práímà wọn gbà á. Omi bọhóòlù rẹ náà, jẹ́ kí wọ́n yẹ iyọ̀ inú rẹ̀ wò. Iyọ̀ tó bá kù lójú irin, ọ̀dà tó dára jù láyé ò lè bò ó, abẹ́ rẹ̀ ló máa ti máa wú bí ìléròrò. Tírélà tó ń lọ wharf l'Ápápá ti gbé iyọ̀ òkun sára tẹ́lẹ̀ náà, omi tiẹ̀ ṣe é lóore níbẹ̀ torí ó ń fọ iyọ̀ yẹn kúrò, bíláàsì gbígbẹ kàn máa gbá a mọ́nú irin ni.

Pẹ́ńtà Agbára:
Ti iyọ̀ yẹn mo gbà. Ẹ wá jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí irin fi ó kéré tán 3°C gbóná ju ìwọ̀n ìgbóná tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ kí ẹ tó kun práímà, lásìkò òjò ẹ má bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ jẹ́ kí oòrùn ti ràn, kí ẹ sì ti kun ún kí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó dé. Ojú irin gbọ́dọ̀ rí ságisági díẹ̀ kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú. Tó bá ti pọ́n pupa tí ìpẹtà ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ padà bíláàsì rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má kun ún bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Birmingham:
Ẹ kú àkókò yìí. Tèmi ò ní gùn. Kábíníẹ̀tì olómi ni a ń lò níbi tí mo wà, inú àpótí tí wọ́n sé pa ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ nìkan lẹ máa kì bọnú rẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù ń gbé omi àti glass bead (hóró gíláàsì róbótó) yípo, a fi ń fọ ẹ̀ńjìnnì aluminium àti kabúrétọ̀ ọ̀kadà àtijọ́, á máa dán bíi tuntun. Kò wúlò fún ṣaasí. Àmọ́ tí oníbàárà bá gbé orí ẹ̀ńjìnnì wá pé kí ẹ bá òun bíláàsì rẹ̀, ẹ dí gbogbo ojú ihò epo rẹ̀ pa, hóró kan tó bá kù síbẹ̀ á ba ẹ̀ńjìnnì jẹ́.

Wẹ́dà Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á bù kún un yín. Mo ti rí ọ̀nà. Màá ra orí ẹ̀rọ ìfọmọ́tò pẹ̀lú garnet fún géètì àti búgúlà, ìyẹn á kọ́kọ́ máa mú owó wọlé, ti ṣaasí màá ṣà á jọ, màá wá háyà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 185 àti pọ́ọ̀tù olómi tó ní ìwé papọ̀. Ó ku ohun kan. Ẹrẹ̀ tó bá dà sílẹ̀, gọ́tà wà níwájú wa, ṣé kí n jẹ́ kó máa ṣàn síbẹ̀?

Sister Safety:
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀dà àtijọ́ ara tírélà lè ní òjé nínú, gọ́tà yẹn á dí, ibi tó bá sì ṣàn dé lẹ ti gbé òjé lọ. Ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́, ẹ ká etí rẹ̀ sókè, ẹ gbá ẹrẹ̀ náà sínú drọ́ọ̀mù nígbà tó ṣì tutù, ẹ má jẹ́ kó gbẹ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì ohun tó wúwo ti rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè ẹ lè tún fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míì, àmọ́ kí ẹ má fi ṣan irin kẹ́yìn torí iyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n PH sọ. Èyí tó kù nísàlẹ̀, ẹ dì í sínú àpò tó nípọn, kí ẹ bá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń kó ti ilé.

Wẹ́dà Ṣàgámù:
Ó yé mi mà. Drọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, tapólì ni màá wá lọ́la.