Ṣé kí n yọ tàmósítáàtì ọkọ̀ mi dànù ni, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, mo kí yín o. Iléṣà ni mo ń gbé, mo sì ní ọkọ̀ eré sísá oníjókòó méjì kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìjókòó, tí rédíétọ̀ rẹ̀, tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, sì wà níwájú pátápátá. Bí mo bá ń lọ sí Ifẹ̀ láàárọ̀, géèjì ìgbóná kì í fẹ́ gòkè, àfi bí mo bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Epo tó ń jẹ ti pọ̀ sí i, ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì gbé kóòdù P0128 jáde, èyí tó fi hàn pé omi inú ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ. Mo fura pé tàmósítáàtì, ìyẹn fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tó sì ń dé e bó bá tutù, ti há sí ṣíṣí.

Mẹkáníìkì mi ní kí a yọ ọ́ dànù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná. N kò fara mọ́ ọn rárá, torí pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dé ìwọ̀n rẹ̀ yóò máa jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì tètè gbó.

Ṣé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì náà lè fa irú àmì yìí, báwo sì ni mo ṣe lè mọ̀ kí a tó tú ohunkóhun? Tàmósítáàtì tuntun tí mo bá rà, màá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti tẹmómítà dán an wò. Afẹ́fẹ́ tó lè há sínú páìpù omi lẹ́yìn iṣẹ́ náà ló ń kọ mí lóminú jù: nígbà tí páìpù omi gùn láti ẹ̀yìn dé iwájú báyìí, ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà lé afẹ́fẹ́ jáde tán, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù lójú ọ̀nà?